Ọ̀bẹ Ńlá Tí A Ń Ká: Ẹ Ṣọ́ Oríkèé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, kì í ṣe ti ikọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni. Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí ni ti ọ̀bẹ nínú ọ̀rọ̀ ìlera?" Ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú ọsibítù ní ọ̀sán ọjọ́ Iléyá, tí ó rí àwọn ènìyàn tí ń wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi àkísà dì, kò ní í béèrè bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná tí ìyàwó ilé ń lò lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ fẹnu bà. Ọ̀bẹ ńlá tí a ń ká ni, èyí tí irin rẹ̀ máa ń wọ inú èèkù bí orí ahun ti ń wọ inú ìkarahun. Irin rẹ̀ lè gùn tó íǹṣì 4, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, òmíràn sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ ń fi í sínú mọ́tò, àwọn baálé ilé ń fi í sínú àpótí, àwọn ọmọ tí ó wà ní òkè òkun sì ń rà á ránṣẹ́ sí baba wọn ní ẹ̀bùn. Ohun èlò dáradára ni lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ ṣáájú, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

TÉLỌ̀ ÀDÚGBÒ WA

Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ agbádá rírán. Ní ọjọ́ Iléyá kan, wọ́n ti dúńbú àgbò tán. Ọ̀bẹ ilé wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọ́n ń fi gé alùbọ́sà àti tàtàṣé. Ni baba yìí bá fa ọ̀bẹ rẹ̀ tí a ń ká yọ. Ó ní, "Ẹ máa fi ọ̀bẹ yín ṣe iṣẹ́ yín, èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi tó mi í lò."

Òótọ́ ni, ó fi bó awọ àgbò náà dáadáa. Ìgbà tí ó dé oríkèé itan ni nǹkan yí padà. Ó ki ṣóńṣó ọ̀bẹ náà bọ àárín egungun méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ kí itan náà lè ya. Irin tí ó di ọ̀bẹ náà mú yẹ̀ lójijì, ojú ọ̀bẹ sì ká padà wá bá ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí ó fi di èèkù mú.

Wọ́n bu kẹrosíìnì sí i, wọ́n fi àkísà dì í, ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ," wọ́n sì ń bá ọdún wọn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò ti jinná. Ṣùgbọ́n ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Ó nà gbọnrangandan bí igi, kò sì ṣeé fi di àlùmọ́gàjí mú. Nígbà tí baba yìí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ó ti di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ohun tí oníṣègùn kọ́kọ́ bi í ni pé, "Baba, kí ló dé tí ẹ kò wá ní ọjọ́ náà gan-an?"

Ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fi kọ́gbọ́n. Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni lílo ọ̀bẹ náà fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èkejì ni rírò pé egbò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá ti di egbò tí kò léwu.

BÍ A TI ṢE Ọ̀BẸ NÁÀ

Ọ̀bẹ tí kì í ká, irin kan náà ni ó ti ṣóńṣó wọ inú èèkù lọ. Ọ̀bẹ tí a ń ká kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣó kan ni ó so irin rẹ̀ mọ́ èèkù, ibẹ̀ sì ni oríkèé rẹ̀. Ohun tí ó bá sì ti ní oríkèé, dandan ni kí ó lè tẹ̀.

Àwọn kan wà tí ó jẹ́ sípíríǹgì nìkan ni ó ń mú wọn dúró. Bí a bá ti ẹ̀yìn wọn díẹ̀, wọn yóò ká padà. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀bẹ kéékèèké tí a ń fi sápò. Àwọn mìíràn ní irin kékeré kan tí ń dì wọ́n mú nígbà tí a bá ṣí wọn tán. Ẹ jẹ́ kí a máa pe irin yìí ní adìmú. Adìmú ti òmíràn wà ní ẹ̀yìn èèkù. Ti òmíràn jẹ́ irin pẹlẹbẹ nínú èèkù, tí ń yọ wá ti ìdí irin ọ̀bẹ. Ti òmíràn sì jẹ́ òrùka tí a ń fi ọwọ́ yí, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Opinel ti ilẹ̀ Faransé mú jáde ní ọdún 1955.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí ọ̀bẹ bá ti tóbi tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ní ti ọ̀bẹ tí a ń ká, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo bí a ti ń fi irin ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù. Bí irin náà bá ti gùn tó ni ìdérí ń tètè gbà fún wa tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irin ọ̀bẹ gígùn ṣe ń bá adìmú rẹ̀ jà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí irin ọ̀bẹ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí adìmú sì fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré jìnnà sí ìṣó, tí nǹkan kan bá wá ti ẹ̀yìn ṣóńṣó ọ̀bẹ náà pẹ̀lú agbára ìwúwo kílò 5, adìmú yóò gbà á bíi kílò 100. Ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì méjì nìyẹn, lórí irin tí kò ju èékánná ọmọdé lọ! Bí a bá sì tún lọ́ ọ̀bẹ náà sọ́tùn-ún sósì, bí télọ̀ wa ti ṣe, adìmú lè yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ pátápátá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Gbogbo ohun èlò ni ó ní ibi tí ó lágbára dé. Ti ọ̀bẹ yìí, oríkèé rẹ̀ ni.

ÀWỌN IṢẸ́ TÍ KÌ Í ṢE TIRẸ̀

1. Kì í ṣe àáké. Ẹ má ṣe fi í gé egungun, ẹ má sì ṣe fi òòlù tàbí òkúta lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè wọlé. Ìṣó rẹ̀ yóò máa mì díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí yóò já yín kulẹ̀.

2. Kì í ṣe irin ìjálẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fi í ṣí agolo, ẹ má ṣe fi í wó ìdérí, ẹ má ṣe fi í tú nọ́ọ̀tì, ẹ má sì ṣe fi í ya oríkèé ẹran.

3. Kì í ṣe ohun tí a fi ń gún nǹkan líle. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹja tàbí adìẹ tí ó ti dì gbagidi nínú yìnyín kì í ṣe ohun tí a ń ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ láti fi yà. Bí ṣóńṣó bá kọ̀ tí kò wọlé, ọ̀bẹ lè ká, ọwọ́ sì lè yọ̀ láti orí èèkù bọ́ sójú ọ̀bẹ. Ẹ gbé ẹja náà sínú abọ́ omi tútù títí yóò fi tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

4. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìpẹran. Ẹran ìgbẹ̀yìn ń jà, ọwọ́ sì ń yọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá. Ọ̀bẹ tí kì í ká, tí èèkù rẹ̀ nípọn, ni ó yẹ iṣẹ́ náà.

Kí ni ó wá yẹ kí a fi í ṣe? Kí a fi gé okùn, kí a fi ya páálí, kí a fi bó ọsàn, kí a fi gé búrẹ́dì lójú ọ̀nà. Gbogbo iṣẹ́ tí ojú ọ̀bẹ nìkan ń ṣe, tí a ń fà á tàbí tì í jẹ́jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

BÍ A TI Ń LÒ Ó LÁÌSÉWU

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ ṣí ọ̀bẹ náà tán, kí ẹ gbọ́ bí adìmú ti ń dún "kọ́". Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti pátákó jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ìka yín kúrò ní ibi tí ojú ọ̀bẹ yóò gbà bí ó bá ká. Bí ó bá mì tàbí tí ó bá yẹ̀, ẹ ká a kí ẹ sì gbé e jù sílẹ̀. Lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ dúró gbọn-in, ẹ máa lò ó bí ẹni pé kò ní adìmú rárá. Ẹni tí ń gé nǹkan lọ́nà tí ọ̀bẹ kò fi lè ká, adìmú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ ṣe, kò sì lè já a kulẹ̀.

Ẹ máa gé nǹkan lọ sí ìta, kúrò lọ́dọ̀ ara yín. Ẹ má ṣe gbé ohun tí ẹ ń gé lé orí itan, ẹ má sì ṣe gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Orí pátákó ni kí ẹ gbé e lé. Bí ọ̀bẹ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ó bọ́. Ẹ má ṣe gán an.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ká a. Nínú irú èyí tí adìmú rẹ̀ wà nínú èèkù, àtàǹpàkò tí a fi ń tẹ adìmú náà wà ní ojú ọ̀nà ojú ọ̀bẹ. Nítorí náà, bí adìmú bá ti yẹ̀ tán, ẹ kọ́kọ́ mú àtàǹpàkò kúrò, kí ẹ tó fi ọwọ́ kejì ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ wọlé. Ẹ má ṣe gbá a mọ́ itan bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe láti fi yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ yá òun ní ọ̀bẹ náà, kíká ni kí ẹ fi í lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó mú. Ọ̀bẹ tí ó kú ń fẹ́ agbára púpọ̀, agbára púpọ̀ ni ó sì ń mú kí ọ̀bẹ yẹ̀. Ẹ pọ́n ọn lórí òkúta ìpọ́nbẹ nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí i pé ó ń ya nǹkan dípò kí ó gé e.

ÌMỌ́TÓTÓ RẸ̀

Ibòmíràn nìyí tí oríkèé náà ti ń fa wàhálà. Bí a bá fi ọ̀bẹ yìí gé ẹran tútù, omi ẹran yóò ṣàn wọ inú èèkù, níbi tí ojú kò tó o. A ó nu irin ní àkísà, a ó ká a, a ó fi í sápò. Ní ọ̀la, a ó ṣí i, a ó fi bó ọsàn fún ọmọ. Kòkòrò àrùn tí ó ti ṣùpọ̀ sínú èèkù láti àná yóò bá ọsàn náà wọlé, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru yóò sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, ọ̀bẹ ẹran kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀bẹ èso. Ẹ ṣí i tán, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ irin àti inú èèkù, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kó ìdọ̀tí oríkèé jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ká a. Ìdọ̀tí tí ó bá dì síbẹ̀ kì í jẹ́ kí adìmú wọ ipò rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe fi gé èékánná, ẹ má ṣe fi ha ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣe fi tú ẹ̀gún lára ènìyàn kí ó tún wá di ti gbogbo ilé. Kòkòrò àrùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hepatitis B, lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lórí irin fún ọjọ́ 7 ó kéré tán.

BÍ Ó BÁ GÉ ÈNÌYÀN

Ẹ má ṣe bu kẹrosíìnì sí i. Ẹ má ṣe bu eérú, ọ́ìlì mọ́tò, iyọ̀ tàbí epo pupa sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni ó ń fún omi ewé Akíntọ́lá sí ojú egbò, ṣùgbọ́n egbò ọ̀bẹ tí ó jìn kì í ṣe ibi tí a ń fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ sí.

Ẹ mú aṣọ tí ó mọ́, ẹ fi tẹ ojú egbò náà gírígírí fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, láìṣí i wò. Ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ. Bí aṣọ bá rin gbindin, ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síwájú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú yàà tí títẹ̀ kò dá a dúró, ẹ fi ọ̀já fífẹ̀ dì í ṣinṣin ní òkè egbò náà, ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù. Bí ọ̀bẹ bá gún ènìyàn tí ó sì dúró sí ara, ẹ má ṣe fà á yọ, nítorí òun gan-an lè jẹ́ ohun tí ó dí ojú ẹ̀jẹ̀. Bí ìka bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi rin díẹ̀ wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé ọ̀rá náà lé orí yìnyín, kí ẹ sì gbé e dání lọ. Ìka náà kò gbọdọ̀ kan yìnyín fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ egbò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá, ẹ fi omi ẹ̀rọ tí ó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìdánwò yìí, òun sì ni ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣe é fún télọ̀ wa. Kí ẹni náà tẹ gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tí ó wà lẹ́bàá èékánná. Kí ó nà wọ́n padà. Kí ó di ojú, kí ẹ fi òwú kan orí ìka náà ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó sì sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Bí ìka kan kò bá tẹ̀, tàbí kò nà, tàbí tí ó kú tipiri, kí ó dé ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ pé egbò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ̀yin yóò béèrè pé kí ló fa ìkánjú? Iṣan tí ń tẹ ìka dà bí okùn tí ó wà nínú ṣòkòtò. Bí okùn náà bá já, ẹnu rẹ̀ méjèèjì yóò fà wọ inú lọ. Bí a bá tètè wá a, a ó rí i fà jáde, a ó sì so ó pọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i ni oníṣègùn lè rán iṣan náà pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, iṣan ti sún kì, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ti dí. Ó lè di pé kí wọ́n gé iṣan láti ibòmíràn wá dí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìka náà sì lè má padà sí bí ó ti wà.

ABẸ́RẸ́ TẸ́TÁNỌ́Ọ̀SÌ

Àwọn ènìyàn gbà pé ìpẹtà ni ó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí àgbọ̀n gan pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan tí ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni ó ń fà á. Ọ̀bẹ tí ń dán gbinrin, tí ó ti kan ìfun àgbò, lè gbé e wọ ara. Àárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 21 ni àrùn náà sábà máa ń fara hàn, nígbà tí egbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tí a sì ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ju ọdún 10 lọ tí ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, kí ó tún un gbà bí ọ̀bẹ bá gé e. Bí egbò bá jìn tàbí tí ó bá dọ̀tí, ọdún 5 ni kí ó kà. Àwọn ìyá máa ń gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà oyún. Àwa ọkùnrin ni ó sábà máa ń gbàgbé.

ỌMỌDÉ ÀTI ÌTA

Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ yìí sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Bí ó ti ń ṣí tí ó sì ń dún "kọ́" yìí, ohun ìṣeré ni lójú ọmọ. Ẹ má ṣe mú un jáde nítorí pé ẹ̀rù olè ń bà yín. Ẹni tí ó bá fa ọ̀bẹ yọ nínú ìjà ti sọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ di ìjà ẹ̀jẹ̀, tirẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ náà lè jẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kìlọ̀ fún wọn pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1988 níbẹ̀, ọ̀bẹ tí a ń ká tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní adìmú, nìkan ni ènìyàn lè mú rìn ní gbangba láìní ìdí pàtàkì. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó ní adìmú, lè sọ ẹni tí kò ní àwíjàre sí ẹ̀wọ̀n, títí dé ọdún 4. Bí wọ́n bá sì ń mú un bọ̀ wálé fún baba wọn, inú ẹrù tí ń wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ni kí wọ́n dì í sí. Wọn kì í gbà á láyè nínú àpò tí a ń gbé dání.

Ẹ̀yin ará, a kò ní kí ẹ ju ọ̀bẹ yín nù. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹ mọ ibi tí ó lágbára dé. Télọ̀ wa ṣì ń ran agbádá, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ń bá a gé aṣọ títí di òní, òun a sì dúró tì í, a máa fi ìka tí kò tẹ̀ mọ́ náà júwe ibi tí àlùmọ́gàjí yóò gbà. Bí Iléyá mìíràn bá dé, kí olúkúlùkù fi ọ̀bẹ tí a ń ká sínú àpótí, kí ó yá ọ̀bẹ tí kì í ká lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.